Kí Ni Ó Ń Lé Wa?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, nígbà tí mo dúró láàárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lórí títì márosẹ̀ kan ní ìlú Newcastle, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arúgbó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Dókítà wà níbẹ̀, bíríkìlà wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tilẹ̀ gbé aṣọ ẹranko wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé egúngún ni. Gbogbo wa ni a fi píìnì há nọ́ńbà mọ́ aṣọ, tí òtútù ń mú wa, tí a ń dúró de ìgbà tí wọn yóò ní kí a máa lọ, kí a lè sá eré máìlì mẹ́tàlá àti díẹ̀ lọ sí ìlú South Shields tí ó wà ní etí òkun. Kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Ẹkùn kò lé wa, ogun kò lé wa, àwa náà kò sì lé ẹran ìgbẹ́ kankan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo bi ara mi pé: kí ni ó ń lé gbogbo wa?

N kò lè dáhùn fún àwọn yòókù. Ìdáhùn tèmi ni mo fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ òkú sísin, ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, ó sì kan ohun tí àjò máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá lọ wá ìmọ̀.

Ọdún 2001 ni mo dé Newcastle láti kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ohùn inú èdè Yorùbá ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí: bí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe máa ń nípa lórí ara wọn bí gbólóhùn bá ti ń gùn sí i. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán ohùn, tí mo ń wọn bí ó ṣe ń gòkè àti bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọ Ìṣẹ́yìn kan tí ó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé etí odò Tyne jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun náà a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, a máa pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tí n kò tíì gba oyè kankan. Yàrá tí ó wà lábẹ́ tèmi ni ó ń gbé. Ọ̀rẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí ó mọ ẹni tí ó ṣáájú ni wá. Kò sí ọjọ́ kan tí mo pè é ní "ìwọ".

Ní oṣù Kejì ọdún 2003, ìyá mi kú nílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó di àrùn rọpárọsẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni ó sì lò lórí ibùsùn. Ní àkókò náà, ìwé ìrìnnà mi wà lọ́dọ̀ àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí kí wọ́n lè fi kún ọjọ́ tí mo lè lò ní ìlú wọn. Mo kọ lẹ́tà, mo tẹ̀ wọ́n láago, mo bẹ̀bẹ̀; ẹ̀rọ ni ó ń dá mi lóhùn pé kí n dúró. Láìsí ìwé náà, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé mi. A kò sì lè fi òkú sílẹ̀ títí láé nítorí ìwé. Àwọn ọmọ ìyá mi sin ín láìsí èmi.

Ẹni tí ó bá jẹ́ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀. Àwọn baba wa ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Wọn kò ní ẹni tí ọmọ kọ lẹ́tà sí; wọn kò ní ẹni tí ọmọ fi owó ránṣẹ́ sí. Ẹni ọmọ sin ni wọ́n wí. Èmi ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ìyá mi bí. Nígbà tí a pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá bu erùpẹ̀ sí ojú oórì, ààyè mi ṣófo.

Àǹtí mi, àkọ́bí ìyá wa, ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe. Fóònù alágbèéká kò tíì pé ọdún méjì tí ó tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ wa nígbà náà, owó ìpè rẹ̀ sì gára, ṣùgbọ́n ó pè mí láti ibi ìsìnkú, ó na fóònù náà sókè kí n lè gbọ́ ohun tí ó ń lọ. Mo gbọ́ ẹkún, mo gbọ́ orin, lẹ́yìn náà mo gbọ́ dùndún. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n fóònù ń há, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èmi tí mo sọdá òkun kí n lè di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ohùn, n kò gbọ́ ohun tí ìlù sọ níbi òkú ìyá mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, owó orí fóònù náà tán.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ ìlà kan. Bí mo bá tan ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ohùn, ńṣe ni mo máa ń pa á padà. Ẹ̀gbọ́n kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú púpọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹrin, ó kan ilẹ̀kùn mi ní aago mẹ́fà àárọ̀.

"Wọ bàtà rẹ," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni a ń lọ?"

"Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé wa dé."

Town Moor ni ẹsẹ̀ gbé wa dé. Pápá gbalasa ni, láàárín ìlú, níbi tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ ìlú náà ti ní ẹ̀tọ́ láti ìgbà láéláé láti máa da màlúù. Màlúù wò wá, àwa náà wo màlúù. Ẹ̀gbọ́n ní kí a sáré dé ibi òpó iná kejì. Nígbà tí a fi dé òpó kìíní, mo ti ń mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Ibẹ̀ ni ó ti jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti fi orúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún eré ńlá oṣù Kẹsàn-án, lábẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan tí ó ń kó owó jọ fún ìwádìí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kò sí ohun tí ó ń lé mi."

Ó ní, "Ó ń lé ọ. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lókè orí mi ní aago mẹ́ta òru. Bí o bá máa rìn lóru, ó sàn kí o kúkú sáré lọ́sàn-án."

N kò rí èsì fọ̀.

Olùkọ́ èdè ni mí, ẹ ó forí jì mí bí mo bá yà sí ọ̀nà èdè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "sáré" ní ẹ̀yà méjì. "Sá" ni ohun tí ẹni tí ẹ̀rù bà ń ṣe: a sá fún ejò, a sá fún gbèsè, a sá fún ogun. "Eré" sì ni ohun tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. N kò sọ pé orísun kan náà ni eré òṣùpá àti eré ẹsẹ̀ ní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé etí wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ìbẹ̀rù àti ayọ̀ ń gbé pọ̀. Ní oṣù Kẹrin, sísá ni mò ń sá. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, mo bá ara mi nínú eré, n kò sì mọ ọjọ́ tí mo kọjá láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Ìgbáradì wa kò ní idán nínú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni a ń sá eré kékeré lẹ́yìn iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni a ń sá eyí tí ó gùn. Máìlì méjì di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún. A ń gba inú igbó ẹ̀bá odò ní Jesmond Dene, a ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí Tyne, a ń padà gòkè pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, kánfáàsì tí mo gbé láti ilé, bó èékánná ẹsẹ̀ mi méjì kí n tó gbà láti ra èyí tí ó yẹ. A kọ́ láti máa fi básílíìnì pa abẹ́ apá àti itan, kí aṣọ má bàa bó wa lára. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé a kọ́ láti má yára. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ní bí ènìyàn kò bá lè sọ̀rọ̀ geere bí ó ti ń sáré lọ, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù fún agbára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ èyí, ó sì sọ ọ́ di òfin: ó ní kí n máa ki oríkì ìdílé ìyá mi bí a ti ń lọ. Ní oṣù Karùn-ún, bí mo bá kì í dé ìlà kejì, ohùn mi a wọlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, mo lè kì í láti orí òkè dé etí odò. Ohun tí mo ti ń wọn lórí ẹ̀rọ láti ọdún méjì, àyà mi ni mo ti wá ń gbọ́ ọ. Mo padà sídìí ìwádìí mi ní oṣù náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa eré náà. Great North Run ni orúkọ rẹ̀. Brendan Foster, sárésáré ọmọ agbègbè náà tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú eré ẹgbàárùn-ún mítà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Montreal ní ọdún 1976, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1981. Nǹkan bí ẹgbàáfà ènìyàn ni ó sá a ní ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún 2014, ẹni tí ó sọ iye àwọn tí ó ti sá a parí di mílíọ̀nù kan fi ẹsẹ̀ kan òpin. Ìdajì máratọ́ọ̀nù ni: kìlómítà 21 àti mítà 97 àti ààbọ̀. Ẹni tí ó bá mọ afárá Third Mainland ní Èkó mọ̀ pé ó tó kìlómítà 11.8, bí ènìyàn bá sá a lọ sá a bọ̀, ó fi díẹ̀ ju ohun tí mò ń wí yìí lọ. Àwọn baba wa kò ṣe àjèjì sí ọ̀nà jíjìn. Ìlàrí a máa rin ìrìn àjò lọ jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin, alájàpá a sì máa ru ẹrù láti ọjà dé ọjà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ìyẹn. Kí ènìyàn sáré lọ sí ibi tí kò ti ní nǹkan kan í ṣe, kí ó sì wọ ọkọ̀ padà, èyí ni ó ṣòro láti ṣàlàyé nílé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, Ẹ̀gbọ́n ra ẹ̀wù funfun méjì. Ó fi ọ̀dà dúdú kọ ÌYÁ WA sí iwájú àti ẹ̀yìn wọn, àmì ohùn sì pé pérépéré nítorí pé mo dúró tì í. "Aṣọ ẹbí nìyí," ni ó wí. "Ẹbí ẹni méjì."

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ eré ní ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹ̀yìn àwọn tí ó wà níwájú mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó lẹ àwòrán òkú wọn mọ́ ẹ̀yìn: ìyá, ọkọ, ọ̀rẹ́, ọmọ tí kò tíì lè dá rìn. Ọkùnrin arúgbó kan ń rọra sáré lọ, àwòrán ìyàwó rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí wa láti èjìká rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé àwọn òyìnbó kì í sin òkú bí ó ti yẹ: wákàtí kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ife tíì kan, ó parí. Lórí afárá Tyne, afárá irin ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1928, ni mo ti mọ̀ pé mo ṣì wọ́n mọ̀. Àwa a máa dá owó jọ fún ìnáwó òkú. Àwọn wọ̀nyí ń dá owó jọ ní orúkọ òkú kí alààyè má bàa kú. Àwa a máa jó. Àwọn wọ̀nyí ń sáré. Bí a bá yọ ti ẹran àti ọtí kúrò, òkú àgbà ni mo wà nínú rẹ̀ yẹn.

A kọjá Gateshead, a kọjá Felling. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọdé ń na ọsàn tí wọ́n ti là sí wa. Wọ́n ń ka ohun tí ó wà ní àyà wa, wọ́n ń ké e. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn bíi tiwa. Bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu, kò jọ "ìyá wa" rárá. "Ìyà wá, ìyà wá" ni etí wa ń gbọ́. Fún máìlì mẹ́ta ni mo fi ń bínú sí wọn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ohùn. Nígbà tí a dé máìlì kẹwàá, níbi tí òkè gígùn kan ti bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ!"

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí pajápajá fi mú un ní ẹsẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo kúnlẹ̀, mo ń fà á lẹ́sẹ̀, mo ń tẹ iṣan náà.

"Máa lọ," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò lè fi yín sílẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo kú ni? Mo ní kí o máa lọ."

Ẹ wo irú ìṣòro tí ó dé bá mi. Ẹni tí ó jù mí lọ pàṣẹ, àṣà sì ní kí n gbọ́. Àṣà kan náà ní ọmọlúwàbí kì í fi ẹni tí wọ́n jọ jáde sílẹ̀ lọ́nà. Mo wo òkè tí ó kù, mo rántí ibi òkú kan tí n kò sí. Mo jókòó tì í lórí koríko. Mo ní, "Ẹ ti wí tiyín, Ẹ̀gbọ́n. N kò tún ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ lọ́dún yìí." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó dìde, a sì rin òkè náà dé orí.

Kí a tó dé ibẹ̀, Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti parí eré tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wákàtí kan, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó lò. Títí di ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tí ó tíì sá ìwọ̀n ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yá tó o. Ó ṣeé ṣe kí ó ti wẹ̀, kí ó sì ti jẹun. Àwa ní tiwa sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, òkun sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Máìlì kan ni ó kù, ní ẹ̀bá òkun, ó sì gùn ju méjìlá tí ó ṣáájú lọ. Ẹ̀gbọ́n ń tiro, èmi ń mú ẹsẹ̀ mi bá tirẹ̀ mu. Nígbà tí ó ku ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo fà sẹ́yìn kí àgbà lè ṣáájú wọlé. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ tì mí lẹ́yìn.

"Ìwọ ni o ni òkú," ni ó wí. "Wọlé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo ṣáájú rẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta ni a lò. Mo kọjá ìlà náà, mo dì mọ́ irin kan, mo sì sun ẹkún tí n kò rí sun ní oṣù Kejì. Ẹ̀gbọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ àwa méjèèjì, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo òkun.

N kò fẹ́ tan ẹ̀yin òǹkàwé mi. Eré náà kò san gbèsè. Nígbà tí mo gba oyè mi tí mo sì padà sílé ní ìparí ọdún 2004, mo lọ sí ojú oórì, mo ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe, kò sì dà bí ẹni pé mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ní ibì kankan. Mo fi àmì-ẹ̀yẹ náà han àǹtí mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí bóyá wúrà ni. Nígbà tí mo ṣe àlàyé tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Máìlì mẹ́tàlá! Ta ni ó ń lé ọ?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Ẹ̀yin àti fóònù yín." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ojú wa sì kún fún omi.

Mo wá onílù náà lọ. Mo bi í léèrè ohun tí ìyáàlù rẹ̀ sọ ní ọjọ́ ìsìnkú ìyá mi. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, "Ọ̀gá, òkú tí mo lù fún lọ́dún náà kò níye. Ta ni ó lè rántí? Ṣùgbọ́n ẹ sọ oríkì wọn fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí mo ṣe ń kì í lẹ́bàá odò Tyne. Ó gbé ìlù kọ́ apá, ó ń lù ú tẹ̀lé mi. Ohùn òkè dúró ní ààyè rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ dúró ní ààyè tirẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní òde òní, eré ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa mọ́; láti ọdún 2016 ni máratọ́ọ̀nù ti ń wáyé ní Èkó. Èmi náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìrìn kíákíá ní ìdájí ni agbára mi mọ báyìí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá rí mi, wọ́n a kí mi, wọ́n a sì wo ẹ̀yìn mi bóyá nǹkan ń bọ̀. N kò bá wọn wí, nítorí pé òwe àwọn baba wa kò tíì ṣìnà: nǹkan máa ń lé ènìyàn. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n fi kún un fún mi ni pé bí nǹkan bá ń lé ọmọ aráyé, ó dára kí ẹnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sá a. Ẹ̀gbọ́n kò padà wálé; ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di òní. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, kì í kọ́kọ́ béèrè ara tàbí ilé tàbí iṣẹ́. Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé o sùn?"